Agogo Kẹ̀kẹ́ Lójú Ọ̀nà Mọníyà

Pọ́ńpù ló mú mi dé àárín wọn. Ẹni tó bá gbọ́ pé bàbá tó ti lé ní ogójì ọdún dáadáa lọ darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ oníkẹ̀kẹ́ lè rò pé ara ló ń ta mí, tàbí pé mò ń sá fún àgbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pọ́ńpù tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà ni. Ó dúró sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi ní Bẹ́yẹrúnkà, kò sì sí ẹni tó lè wá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe. Nígbà tí mò ń wí yìí, kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ kí wọ́n máa rìn lọ́wọ́ ọ̀tún. Àwọn àgbàlagbà kan ṣì wà ní Ọjà'ba tó jẹ́ pé ibi tí ọkọ̀ kò ti ní í wá ni wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó sọdá. Ọmọ méjì ni mo ní. Àkọ́bí, ọkùnrin, ń kọ́ṣẹ́ wáyà iná ní Ọ̀rányàn. Àbúrò rẹ̀, obìnrin, wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin yìí ló kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Ìbàdàn dé Ògbómọ̀ṣọ́ láàárín ojúmọ́ kan, kí wọ́n sùn síbẹ̀, kí wọ́n sì gùn ún padà. Kò sí ẹni tó fẹ́ fún wọn ní ife-ẹ̀yẹ. Wọ́n kàn fẹ́ lọ ni. Bí a bá ti kí ìrun àsùbáà tán, wọn a pé síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, nítorí ibẹ̀ ni pọ́ńpù wà. Wọn a máa fẹ́ táyà, wọn a máa pariwo.

"Ẹ má wó ilé lé mi lórí o!" Èmi nìyẹn, láti inú ilé.

Ọmọ mi a dáhùn pé, "Bàbá, ẹ ṣe sùúrù. Ẹ̀yin náà lẹ máa jẹ máńgòrò tá a bá kó bọ̀."

Ibà ló mú un. Kò pẹ́ lára rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Òwe náà kò sọ ohun tí a ń pe ẹni tí tirẹ̀ yí padà. Ní ilé tiwa, bí ọmọ bá kú lójú òbí, òbí kì í bá wọn dé ibi ìsìnkú. Lèmọ́mù kírun sí i lára, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn oníkẹ̀kẹ́ yẹn náà, sì gbé e gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ èmi àti ìyá rẹ̀ ní yàrá. A kì í sọ fún bàbá, a kì í sì í sọ fún ìyá, ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ojú òbí kò gbọdọ̀ kan oórì ọmọ; bí ó bá kàn án, wọ́n ní òmíràn lè tẹ̀ lé e. Ọmọ kan ṣoṣo ló sì kù fún wa. Gbogbo ẹrù rẹ̀, ẹní, aṣọ, bàtà, títí kan kẹ̀kẹ́, ni wọ́n kó lọ lọ́jọ́ yẹn kan náà. N kò mọ ẹni tí wọ́n kó o fún. Pọ́ńpù nìkan ni wọ́n gbàgbé.

Ohun kan tún wà tí wọ́n kó lọ. Orúkọ rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò fi ń pè mí, bàbá ẹni báyìí. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnu kò gbé e mọ́. Àwọn oníbàárà ń pè mí ní télọ̀. Ìyàwó mi, tí kò pe orúkọ mìíràn mọ́ mi láti ọjọ́ tó ti bímọ, wá ń pè mí ní "Ẹ̀yin." "Ẹ̀yin, oúnjẹ ti délẹ̀." "Ẹ̀yin, ẹnì kan ń béèrè yín níta."

Mo ń rán aṣọ. N kò sunkún. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gún mi lọ́mọ-ìka lọ́jọ́ kan, ó wọlé ó jáde, mo wo ẹ̀jẹ̀ náà bí ẹni ń wo ti ẹlòmíràn, mo fi àkísà wé e, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Àwọn tó wá kí wa ní mo gbà fún Ọlọ́run. Kì í ṣe pé mo gbà. Ẹni tó bá sùn lé apá rẹ̀ mọ bó ṣe máa ń rí: apá wà lára rẹ̀, ó ń wò ó, ó fi ọwọ́ kejì gbé e, ṣùgbọ́n apá náà kò jẹ́ ẹ lóhùn.

Àwọn ọmọ náà kò wá síwájú ṣọ́ọ̀bù mi mọ́. Ìsàlẹ̀ Mápó ni wọ́n ń pé sí. Mo máa ń rí wọn bí mo bá ń ti mọ́sálásí bọ̀. Wọn a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé okùn bàtà gbogbo wọn tú lẹ́ẹ̀kan náà. Táyà wọn rọ̀. Ni mo bá mú pọ́ńpù láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ tèmi, ògbólógbòó kan tí mo fi ń gbé aṣọ lọ fún oníbàárà, mo sì gùn ún lọ bá wọn. Èrò mi ni pé ohun tó kù nínú ẹrù náà yẹ kó jáde nílé.

Gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ wọn.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá..." Ọ̀kan fẹ́ẹ́ fi orúkọ náà kún un, ó gbé e mì.

Mo na pọ́ńpù sí wọn. Kò sí ẹni tó gbà á. Ẹni tó ti di olórí wọn ni ọ̀kan tó ń lẹ táyà ní Oríta-mẹ́rin, ọmọ tútù, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun náà ń wo ilẹ̀. Ọ̀kan wà láàárín wọn tí ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀, tó ń kọ́ṣẹ́ alápatà ní Ọjà'ba, ọmọ tó sanra, tó fẹ̀ láyà. Òun ló sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ kúkú ti gun kẹ̀kẹ́ yín wá. Ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ."

Olórí wọn yí ojú sí i. "Ẹnu rẹ yìí! Ọ̀bẹ ọ̀gá rẹ ni wọ́n máa fi gé e lọ́jọ́ kan."

"Kí ni mo sọ tó burú? Bàbá, ṣé kẹ̀kẹ́ kọ́ lẹ gùn wá ni?"

"Níbo lẹ̀ ń lọ?" ni mo bi wọ́n.

"Asẹ́jìrẹ́ ni, Bàbá. Ó jìn."

Ilé ló yẹ kí n padà sí. Ilé náà ni n kò sì fẹ́ padà sí. Mo tún gun kẹ̀kẹ́ mi.

Bí mo ṣe wọ ẹgbẹ́ nìyẹn. Kò sí ẹni tó gbà mí wọlé, kò sì sí ẹni tó lè lé mi.

N kò dé Asẹ́jìrẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ègbèdá ni ẹsẹ̀ mi ti kọ̀, wọ́n sì dúró tì mí lábẹ́ igi bí ẹni ń dúró ti ìyàwó tuntun. Mo tún bá wọn lọ nígbà mìíràn. Àárọ̀ Àlàmísì àti àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń jáde. Ẹ má rò pé mo gbádùn rẹ̀. N kò gbádùn rẹ̀, n kò sì kórìíra rẹ̀. Ẹsẹ̀ ń yí, ọ̀nà ń lọ sẹ́yìn, igi kòkó ń kọjá, ènìyàn kò sì ní láti sọ nǹkan kan. Bí mo bá sọ̀kalẹ̀, itan mi á máa gbọ̀n, ìdí á máa ta mí. Mo máa ń dúró wo itan náà. Ó ti pẹ́ tí nǹkan ti ta mí kẹ́yìn.

Àwọn ará Bẹẹrẹ kì í jẹ́ ká kọjá ní jẹ́jẹ́. Obìnrin kan tó ń ta kẹrosíìnì létí títì ló burú jù nínú wọn.

"Ẹ wo bàbá yìí o! Ṣé ìyàwó lé yín jáde ni, àbí ẹ̀yin lẹ̀ ń lé e?"

"Wọ́n ń lé e ni, Màmá!" Alápatà nìyẹn. "Ẹ sọ fún wọn ní Géètì kí wọ́n bá wa dá a dúró!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ya ẹnu. Mo mọ̀ pé ibi tó yẹ ká ti rẹ́rìn-ín ni.

Ohun tó nira jù fún wọn kì í ṣe òkè, kì í sì í ṣe oòrùn. Èmi gan-an ni. Olórí wọn ṣàlàyé fún mi pé ẹni tó bá wà níwájú ló ń gba afẹ́fẹ́ fún àwọn tó kù. Bó bá gbà á díẹ̀, á fà sẹ́yìn, ẹlòmíràn á bọ́ síwájú, kí agbára má baà tán lára ẹnì kan. Ó dára. Ṣùgbọ́n bó bá kàn mí láti wà níwájú, ojú á máa tì wọ́n pé àwọn fi àgbàlagbà dí afẹ́fẹ́. Bí wọ́n bá sì fẹ́ gba iwájú lọ́wọ́ mi, ojú á tún tì wọ́n láti fi àgbà sílẹ̀ sẹ́yìn. Ọmọ tí a kọ́ nílé kì í kàn ṣáà gba ẹ̀gbẹ́ àgbà kọjá. Á bẹ̀bẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kọjá."

"Kọjá."

"Ẹ má bínú o, Bàbá."

"N ò bínú."

"Ẹ ṣé, sà."

Èyí tó tẹ̀ lé e á tún dé: "Bàbá, ẹ dákun..." Kí gbogbo wọn tó kọjá tán, ẹni àkọ́kọ́ á tún ti fà sẹ́yìn dé ọ̀dọ̀ mi, á tún máa bẹ̀bẹ̀. Alápatà ní bá a bá ń bá a lọ báyìí, irùngbọ̀n òun á ti funfun ká tó rí òrùlé Ògbómọ̀ṣọ́.

Olórí wọn wá ṣe òfin. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá lára bàbá, kó tẹ agogo kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Agogo yẹn ni ìdọ̀bálẹ̀, òun náà ni ẹ̀bẹ̀. Kò gbọdọ̀ ya ẹnu mọ́. Kó sì gba ọwọ́ òsì kọjá, bí ọkọ̀ ṣe ń ṣe. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí koríko wà, kó má baà ti bàbá sí kòtò. Ó tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti gbọ́ kíríń-kíríń lẹ́yìn, mo mọ̀ pé ọmọ kan fẹ́ gba ọwọ́ òsì mi lọ, orí rẹ̀ á sì tẹ̀ ba díẹ̀ bó bá dé ẹ̀gbẹ́ mi. Èmi náà rán ṣòkòtò fún wọn, mo fi fóòmù sí ìdí rẹ̀, mo fi aṣọ bò ó. Alápatà wọ tirẹ̀, ó rìn yíká ṣọ́ọ̀bù. "Bàbá, ìdí mi ti joyè," ló wí.

Ohun kan wá wà tí mo ṣàkíyèsí. A ti lọ sí Asẹ́jìrẹ́ títí ó fi dà bí ẹ̀yìnkùlé. A ti gba Mọléte lọ sí Ìdí-Ayunrẹ́, a ti gba Àpáta lọ sí Omi-Àdìó. Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an, èyí tó gba Sáńgo àti Ọjọ́ọ̀ lọ sí Mọníyà, a kò tẹ̀ ẹ́ rí. Bí mo bá wà níwájú tí mo sì kọrí sí Mọ́kọ́lá, agogo á dún lẹ́yìn mi, olórí wọn á kọjá, á sì fà wá gba ibòmíràn.

Lọ́jọ́ kan tí a jókòó létí odò ní Asẹ́jìrẹ́, mo ní, "Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ ní ẹ̀ ń lọ. Kí ló dé tí a ò tíì gba ọ̀nà rẹ̀ wò?"

Wọ́n yí ojú sí kẹ̀kẹ́ wọn. Alápatà pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ṣéènì kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ọ̀nà yẹn ò dáa," ni olórí wọn wí nígbà tó yá. "Lọ́rí pọ̀ níbẹ̀ jù." Ó fa koríko tu. "A tiẹ̀ ti ń rò ó pé ká kúkú lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ìjẹ̀bú náà jìn."

"Ta ló ní ká lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀rẹ̀?"

Wọ́n mọ ẹni tó sọ ọ́. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni ó ti yé mi pé ọ̀nà Mọníyà ni wọ́n tẹ́ ọmọ mi sí, ní ibì kan tí ènìyàn lè rí láti ojú títì. Mo retí pé kí àyà mi já. Kò já. Odò ń lọ. Mo bu omi, mo fi bọ́jú.

"Ògbómọ̀ṣọ́ la ń lọ," ni mo wí.

Mo sọ fún ìyá ọmọ mi. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin, ẹ má lọ."

"Ọ̀nà ìjọba ni. Gbogbo ayé ló ń gbà á."

"Gbogbo ayé kọ́ ló bí i." Ó gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀, ó fi àgbọ̀n júwe ibi tí ọmọbìnrin wa jókòó sí tó ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀. "Ẹni tó kù nìyẹn. Bí ojú yín bá kan ibẹ̀, tí nǹkan bá ṣe é, ta ni ẹ fẹ́ kí n bá wí?"

"Mi ò ní í wò."

"Ojú kì í gbọ́ bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó ní ẹ ò ní í wò, ó ti wò."

Òótọ́ ló sọ. Ohun tí n kò sì lè sọ fún un ni pé mo fẹ́ wò. Mo ń rò ó pé bóyá bí mo bá rí òkìtì erùpẹ̀ náà, apá tó kú lára mi yìí á jí. Bí mo bá ti rò ó dé ibẹ̀, màá gbé ojú sókè, màá rí ọmọbìnrin náà tó ń lá ẹnu pẹ́ńsù.

Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ìyá rẹ̀ rìn dé Oríta-mẹ́rin, ó lọ bá olórí wọn nídìí táyà tó ń lẹ̀. Ohun tí wọ́n jọ sọ, kò sọ fún mi.

A jáde láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí máńgòrò ti ń pọ́n. Obìnrin oníkẹrosíìnì ti jí.

"Bàbá, ibo ló di lónìí?"

"Ògbómọ̀ṣọ́!" ni wọ́n pariwo.

"Yéè! Ẹ ti wá mọ ilé tí ìyàwó sá lọ!"

A gba Mọ́kọ́lá, a gba Sáńgo, a kọjá Ọjọ́ọ̀. A kọjá Mọníyà. Ilé tán, oko ẹ̀gẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ó kàn mí láti wà níwájú. Ojú mi wà lórí títì níwájú táyà mi, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó já bọ́.

Agogo kan dún. Olórí wọn gba ọwọ́ òsì mi kọjá, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó bọ́ síwájú mi gan-an, ó rọra ń lọ, tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ àti táyà rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Agogo mìíràn tún dún. Òmíràn. Lẹ́yìn náà gbogbo agogo ẹ̀yìn mi dún pọ̀. Mo fà díẹ̀ láti fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ fún wọn.

Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n gbà.

Wọ́n gun orí koríko, níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbà rí, wọ́n ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tò sí ẹ̀gbẹ́ mi, táyà kan ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òmíràn. Wọ́n nàró lórí kẹ̀kẹ́, èjìká sókè. Alápatà ló sún mọ́ mi jù, ó fẹ àyà rẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Kò wò mí, kò sì ṣàwàdà. Bí wọ́n kò sì ti kọjá, tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ àgbà ni wọ́n wà síbẹ̀, lápá ibi tí òfin ní kí wọ́n má gbà, wọn kò lè dáwọ́ agogo dúró. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀.

Mo ga ju púpọ̀ nínú wọn lọ. Bí mo bá nàró, mo lè wo òkè orí wọn. Amọ̀ kan lẹ̀ mọ́ táyà olórí wọn, ó ń yí lọ, ó ń yí bọ̀. Amọ̀ yẹn ni mo wò. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, agogo ń dún, títí agogo kan fi dákẹ́, òmíràn dákẹ́, wọ́n sì ń fà sẹ́yìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Alápatà ló kẹ́yìn. Ó fi ẹnu sọ ọ́, ohun tí a ti fi òfin dá dúró.

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"N ò bínú," ni mo wí.

Nígbà tí a dúró mu omi ní Fìdítì, ìka mi kò ṣí. Wọ́n ti kú mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Olórí wọn ló bá mi ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

A dé Ògbómọ̀ṣọ́ kí oòrùn tó wọ̀. Ìlú ni, bí ìlú mìíràn. A sùn, a ra máńgòrò, a padà lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí a ń bọ̀, ọwọ́ òsì mi ni wọ́n tò sí.

Ìyàwó mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò wo àpò máńgòrò, ojú mi ló ń wò.

"Ṣé ojú yín kàn án?"

"Ojú mi ò kàn án."

Ó gba àpò lọ́wọ́ mi, ó wọlé. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ilé pé omi ìwẹ̀ ti wà nílẹ̀. Kò pè mí ní Ẹ̀yin. Orúkọ ọmọbìnrin wa ló fi pè mí, bàbá ẹni báyìí. Ó rí lára mi bí aṣọ tí a kò wọ̀n mọ́ mi. Mo dá a lóhùn.

Ọmọbìnrin náà wà láyé, òun náà ti dìyá ọmọ. N kò sì purọ́ fún ìyá rẹ̀. N kò rí oórì náà, n kò sì rí i títí di òní. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kọ́ dáadáa kò lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbà kó má tẹ agogo. Mo mọ ibi tí agogo ti bẹ̀rẹ̀, mo sì mọ ibi tó ti dákẹ́. Ó kọjá Mọníyà díẹ̀, níbi tí títì ti rọra ń sọ̀kalẹ̀, tí òórùn ẹ̀gẹ́ rírẹ wà nínú afẹ́fẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni, bí a bá ń lọ.